Ìwọ Èdè Orí Ẹní

Òkun o, ìwọ èdè orí ẹní.

Bí a ti ń kí ara wa nìyẹn níbi tí mo wà yìí, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kí à ń ti oko bọ̀ ni o, kí à ń ti ilé òkú bọ̀ ni o. Ìkíni yẹn náà ló padà di orúkọ gbogbo wa, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Mo fi kí ọ nítorí pé ìwọ, èdè Jàpáàn tí a ń sọ lórí ẹní júdò, kò kọ́ mi ní ìkíni kankan tí mo lè kọ sí orí lẹ́tà. Gbogbo ọdún tí a fi wà pa pọ̀, o kò kọ́ mi bí a ti ń sọ pé ẹ káàárọ̀, o kò kọ́ mi bí a ti ń bèèrè omi mu; bí wọ́n bá já mi sílẹ̀ ní Tókíyò lónìí, ebi ni yóò pa mí sí ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ. Ohun tí o kọ́ mi ni bí a ti ń di ènìyàn mú ní kọ́là, bí a ti ń yẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, bí a ti ń gbé e sọ, àti bí a ti ń tẹrí ba fún un tó bá ti dìde. Ó tó mi nígbà náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń dùn mí ni, nísinsìnyí tí mo ti padà sí Mopa tí n kò rí ẹni bá sọ ọ́.

Ìgbà kajú la wà. Èso rẹ̀ ti ń kan lábẹ́ igi, òórùn rẹ̀ dàpọ̀ mọ́ èéfín igbó tí wọ́n ń sun, ọyẹ́ kò sì tíì kúrò lórí àwọn àpáta tó yí wa ká. Àwọn ọmọ iléèwé ń mu kajú lọ sílé, oje rẹ̀ ń kán sí àyà ṣẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n mọ̀ pé àbàwọ́n náà kò ní í lọ, ìyá wọn náà mọ̀, wọ́n sì ń mu ún lọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti Kàbà lọ sí Ìsánlú ń gbọn fèrèsé mi. Mo ní ilé, mo ní oko díẹ̀, ìyán kò wọ́n mi. Síbẹ̀, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, tó jẹ́ ọjọ́ tiwa, ara mi a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ. Àárò rẹ ń sọ mí. Àárò òórùn ẹsẹ̀ pàápàá ń sọ mí, ohun tí mi ò rò pé ọmọlúàbí kan lè kọ sínú lẹ́tà ìfẹ́.

Nítorí òótọ́ ni, gbọ̀ngàn tí mo ti kọ́ ọ ń rùn. Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ló wà, kò jìnnà sí ibi tí àwọn ará wa ti ń ta ẹ̀fọ́ àti panla ní Peckham. Bí o bá ti ṣí ilẹ̀kùn, òórùn rọ́bà ẹní, òórùn òógùn àná, òórùn ìpara tí àwọn àgbà fi ń ra orúnkún, gbogbo rẹ̀ a jọ dà bò ọ́. Aṣọ júdò tí kò gbẹ dáadáa ní òórùn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó wúwo, ó ń ha ọrùn, kọ́là rẹ̀ nípọn dé ibi pé ó máa ń bó ìka. A ó tò, bẹ́líìtì funfun lápá kan, dúdú lápá kejì. Olùkọ́ wa, bàbá Jàmáíkà kan tí irun rẹ̀ ti funfun, a ní "Kiotsuke!", a ó dúró ṣánṣán. A ní "Seiza!", a ó kúnlẹ̀, orúnkún òsì ló ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀ kí ọ̀tún tó tẹ̀ lé e, tí a bá sì fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń ṣíwájú. A ní "Rei!", gbogbo wa a tẹrí ba, ọwọ́ méjèèjì lórí ẹní. Àwọn òyìnbó tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé a máa wo ara wọn lójú, ìtìjú a mú wọn. Èmi tí wọ́n fi ìdọ̀bálẹ̀ tọ́ dàgbà, kí ló kàn mí níbẹ̀? Ibẹ̀ gan-an lo ti wọ̀ mí lọ́kàn. Mo ní, àwọn tó ni èdè yìí, wọ́n kọ́ wọn nílé.

Ìṣubú lo fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mi. Ukemi. Kí ẹnikẹ́ni tó fi hàn mí bí a ti ń dá ènìyàn, wọ́n kọ́ mi bí a ti ń ṣubú: ushiro, sí ẹ̀yìn, yoko, sí ẹ̀gbẹ́, mae, sí iwájú. Àgbọ̀n mọ́ àyà, ojú sí kókó bẹ́líìtì kí orí má baà gbá ilẹ̀, kí apá sì lu ẹní pàá, kí agbára ìṣubú náà lè bá ibẹ̀ jáde kúrò lára. Pàá! Pàá! Gbogbo kíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà, òjò Lọ́ńdọ̀nù ń rọ̀ lórí páànù, a kì í gbọ́ ọ. N kò mọ ìgbà tí ushiro kúrò ní ọ̀rọ̀ tí mo ń gbìyànjú láti rántí, tó di nǹkan tí ẹ̀yìn mi mọ̀ láìbi mí. Lẹ́yìn tí mo padà wálé, ilẹ̀ yọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lẹ́bàá kànga, korobá fò lọ, omi fò lọ, apá mi sì ti lu ilẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mò ń ṣubú. Ìyá àgbà tó ń fa omi lọ́wọ́ pariwo. Ó rò pé inú ló ń bí mi sí ilẹ̀.

Wọ́n fún wa ní ìwé pélébé kan tí orúkọ rẹ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, nítorí tí ọjọ́ ìdánwò bẹ́líìtì bá pé, orúkọ ni olùdánwò máa pè, kò ní í ṣàlàyé, ìwọ ni o máa fi ara ṣe é. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń kọ́ ọ sórí, ètè mi ń mì, arábìnrin tó jókòó tì mí ń rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Àwọn òyìnbó ń jìyà lọ́wọ́ rẹ. Èmi ń gbọ́ ilé nínú rẹ. Kọ́ńsónáǹtì kan, fáwẹ̀lì kan, bẹ́ẹ̀ lò ń rìn lọ, bí tiwa gẹ́lẹ́. Bẹ́líìtì lo pè ní obi, mo sì máa ń pa ẹ̀rín mọ́ra nígbà tí bàbá Jàmáíkà bá ní kí kálukú tún obi rẹ̀ so, àfi bí ẹni pé a fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó. Apá aṣọ lo pè ní sode. Ẹni tó ń dá ènìyàn ni tori, ẹni tí wọ́n ń dá ni uke. Mo máa ń wí nínú ara mi pé torí ẹni yìí ni ẹni yẹn ṣe wà nílẹ̀.

Gari wá ńkọ́? O-soto-gari, ko-soto-gari, o-uchi-gari, ko-uchi-gari! Ọ̀rẹ́ kan wà tí a jọ ń kọ́ ọ, ọmọ Pọ̀tọ̀nóvò ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Anàgó pọ́nńbélé. Kútọnu ló ti bẹ̀rẹ̀ júdò kó tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Faransé ni wọ́n fi kọ́ òun, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ èmi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ di ara wa mú, "Hajime!" kan náà la gbọ́, a sì jọ bẹ̀rẹ̀. Yorùbá la fi ń rẹ́rìn-ín. Tí olùkọ́ bá ti pe o-soto-gari báyìí, ọ̀rẹ́ mi a rọra bi mí létí pé, "Ti Ìjẹ̀bú ni àbí olóyin?" Ẹ̀rín a gbé mi, olùkọ́ a rí wa, a ó sì dojú bolẹ̀, a ó máa fi ọwọ́ ti ara wa sókè títí apá yóò fi máa gbọ̀n.

Gari tìrẹ, gígé ni, bí àgbẹ̀ ti ń fi dòjé gé ìrẹsì. Ẹsẹ̀ tori ni dòjé. O jẹ́ ńlá, ko jẹ́ kékeré, soto jẹ́ ìta, uchi jẹ́ inú. Ẹni tó bá ti mọ àwọn wọ̀nyí, ìdajì ìwé pélébé yẹn ti ṣí fún un, nítorí bí o ti ń kọ́ orúkọ rẹ nìyẹn: o kì í pe nǹkan ní orúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀, o kì í yìn ín, lọ́pọ̀ ìgbà, o kàn ń sọ ohun tí ara ń ṣe. Seoi-nage, gbé e pọ̀n sẹ́yìn kí o sọ ọ́. Uchi-mata, ẹsẹ̀ wọ inú itan. Tai-otoshi, fi ara já a sílẹ̀. Ọ̀nà 40 ló wà nínú Gokyo, àkójọ tí ilé-ẹ̀kọ́ Kodokan kọ́kọ́ ṣe ní 1895, tí wọ́n tún un tò ní 1920. Lónìí, ọ̀nà 68 ni Kodokan fọwọ́ sí láti fi dá ènìyàn lulẹ̀, láìtíì ka ti orí ilẹ̀ mọ́ ọn. Èmi kò mọ gbogbo wọn. Àwọn tí mo mọ̀, mo mọ̀ wọ́n dénú egungun.

Mo mọ ibi tí o ti wá, torí mo bèèrè ìdílé rẹ bí ẹni tó fẹ́ fẹ́yàwó ti ń ṣe. Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, Kano Jigoro, ló yá yàrá kan nínú tẹ́ńpìlì Eisho-ji ní Tókíyò ní 1882, ó tẹ́ ẹní 12 síbẹ̀, ó pè é ní Kodokan. Àwọn ọ̀nà ìjà àtijọ́ ló ṣà, ó yọ èyí tó lè pani, ó pa èyí tó kù mọ́, ó sì tún àwọn orúkọ tò. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Gunji Koizumi ló dá Budokwai sílẹ̀ ní 1918, kò sì sí ẹgbẹ́ júdò kankan ní Yúróòpù tó dàgbà jù ú lọ. Kano fúnra rẹ̀ wá kí wọn níbẹ̀ ní 1920. Nílẹ̀ Faransé, ìyà díẹ̀ jẹ ọ́. Mikinosuke Kawaishi, tó dé Páríìsì ní 1935, rò pé orúkọ rẹ ti le jù fún ẹnu wọn, ló bá fún gbogbo rẹ̀ ní nọ́ńbà: ti ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ti ẹsẹ̀ kejì, ti ìbàdí àkọ́kọ́, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn, mo gbà. Nígbà tó yá, orúkọ rẹ ló padà borí níbẹ̀ náà. Ta ló sì lè fẹ́ràn nọ́ńbà débi pé yóò jí lóru nítorí rẹ̀?

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ, kuzushi ni mo fẹ́ràn jù. Kí tori tó wọlé, kó tó gbé ẹsẹ̀ tàbí yí ìbàdí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ba ìdúró uke jẹ́, kí ara onítọ̀hún kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kuzushi nìyẹn. Tsukuri tẹ̀ lé e, tí í ṣe ìwọlé. Kake ló kẹ́yìn, tí í ṣe ìdálulẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwa ọ̀dọ́ ń sáré sí kake, bàbá Jàmáíkà a máa mi orí. Kano fi ìṣírò ṣàlàyé rẹ̀. Ó ní kí a sọ pé agbára ẹni tó dúró níwájú mi jẹ́ 10, tèmi jẹ́ 7. Bí ó bá fi gbogbo rẹ̀ tì mí tí mo dúró gbagidi, èmi ni n ó lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbà fún un, tí mo fà sẹ́yìn bó ti ń tì, ìdúró rẹ̀ yóò bàjẹ́, agbára tó kù fún un kò ní ju 3 lọ, 7 tèmi a sì wà lọ́wọ́ mi digbí. Mo gbọ́ ìṣírò náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ọwọ́ mi ló pẹ́ kó tó gbọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, n kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo kàn rí i pé ẹni tó wúwo jù mí lọ ti kọjá lórí ẹ̀yìn mi, kò wúwo rárá, ó fúyẹ́ bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló fò. Mo rò pé ó yọ́nú sí mi ni. Ó dìde, ó ń yọ̀ ju èmi lọ.

Láti ìgbà náà ni ojú mi kò ti sinmi. Ní Mopa níbí, kuzushi ni mò ń rí kiri: ọlọ́kadà tó gbé àpò gààrí lé iwájú, ọmọdé tó gbé omi rù tó ń gòkè, ọ̀mùtí tó ń ti ilé ẹmu bọ̀, tó ń fi èjìká wá ògiri. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń fa ewúrẹ́ kan wọlé. Ó ń fà, ewúrẹ́ ń fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ti ilẹ̀. Ó sú ọmọ náà, ó dẹ okùn lójijì, ewúrẹ́ bá fìdí jókòó gbì. Orí àga tí mo jókòó sí ni mo ti pariwo pé "Koka!" Kì í ṣe ippon, èyí tó ń parí ìjà lójú ẹsẹ̀, torí ẹ̀yìn rẹ̀ kò kan ilẹ̀, ìdí ló fi balẹ̀, àmì tó kéré jù lọ ni wọ́n sì ń fún irú ìyẹn látijọ́. Ọmọ náà wò mí. Ewúrẹ́ náà wò mí. Kò sí ẹlòmíràn ní àdúgbò tó lè bá mi jiyàn pé waza-ari ni, àmì tó sún mọ́ ippon.

Koka náà kò sì sí mọ́! Ìyẹn wà lára ohun tí ènìyàn ní láti dárí jì ọ́. Àwọn tó ń ṣòfin eré náà pa koka rẹ́ láti 2009. Ní 2017 wọ́n lé yuko, àmì tó ga ju koka lọ díẹ̀, lọ pẹ̀lú; ní 2025 wọ́n tún pè é padà, bí ìyàwó tó bínú lọ sílé bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá di uke mọ́lẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 30 ló ń kà kó tó gba ippon láyé àtijọ́, ó di 25, ó di 20, àwọn àgbà nínú ẹgbẹ́ wa kò sì yéé jiyàn lórí rẹ̀ nínú yàrá ìwọṣọ. Ìwọ tún ni o ní shi àti yon fún ẹẹ́rin, o ní shichi àti nana fún eéje. Àwọn kan lára àwọn tó ni ọ́ kò sì fẹ́ràn láti pe shi nítorí pé ìró ikú wà nínú rẹ̀. Tí a bá ń ṣe uchikomi, ìwọlé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìsọ ẹnikẹ́ni lulẹ̀, kálukú ló ń ka tirẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn a dàrú tó bá kan ẹẹ́rin. Ẹnu wa pẹ̀lú ń ṣe ọ́ níṣekúṣe: mate tìrẹ, èyí tó túmọ̀ sí dúró, àwọn kan ń pè é bí ẹni ń pe ọ̀rẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, bàbá Jàmáíkà sì ń fi ohùn Kingston kọ ọ́ lórin. Ọmọ Jàpáàn kan tó wá kí wa lọ́jọ́ kan fetí sílẹ̀ dáadáa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹrí ba, kò sọ nǹkan kan. O fara da gbogbo wa.

Mo sì rántí kesa-gatame, tí o fi aṣọ tí àwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà ń gbé kọ́ èjìká kan sọ lórúkọ, torí bẹ́ẹ̀ ni ara ẹni tó wà lókè ti ń gba àyà ẹni tó wà nísàlẹ̀ kọjá. Òun ni Anton Geesink, ará Nẹ́dálàǹdì, fi di Akio Kaminaga mọ́lẹ̀ ní Tókíyò ní 1964, ọdún tí júdò kọ́kọ́ wọ Òlíńpíìkì, níwájú gbogbo àwọn tó ni ọ́. Nígbà tí àwọn ará ìlú rẹ̀ fẹ́ sáré wọ orí ẹní láti yọ̀, ó na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n padà. Ìtàn tí olùkọ́ wa fẹ́ràn jù nìyẹn. Ó máa ń sọ ọ́ nígbà tó bá ti di èmi fúnra mi mọ́lẹ̀ pẹ̀lú kesa-gatame náà, irùngbọ̀n rẹ̀ ní etí mi, òórùn àtalẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, kò sì ní í yára parí ìtàn.

Ohun tó ń ṣe mí gan-an nìyí. Mo lè sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ara mi nínú yàrá. Mo lè gbàdúrà ní Yorùbá láìsí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìwọ nìkan ni mi ò lè dá sọ. Mo ti gbìyànjú. Mo dúró lẹ́yìnkùlé, mo so ìgbànú mọ́ igi kajú, mò ń wọlé, mò ń jáde, ichi, ni, san, igi kò ní kọ́là, kò ní ìdúró tí mo lè bà jẹ́, kò sì lè ṣubú kó dìde rẹ́rìn-ín. Kò sí tori níbi tí uke kò sí. Gbólóhùn rẹ kò pé tí ènìyàn méjì kò bá fi ara sọ ọ́, àní tí ọ̀kan nínú wọn kò bá gbà láti lọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ rèé, ilẹ̀ yìí ní ìjàkadì tirẹ̀. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán, wọn kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún wọn pé ippon ni. Àwọn tó ń ja ìjàkadì ní ìgbà èwe bàbá mi ti lọ, àwọn ọ̀dọ́ sì ń wo bọ́ọ̀lù.

Àmọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò gbàgbé ewúrẹ́ yẹn. Ó wá bi mí ohun tí mo pariwo, mo sì fi ushiro ukemi hàn án lórí yanrìn tí wọ́n dà sílẹ̀ láti fi mọ ilé lódìkejì ọ̀nà. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ pe àbúrò. Tí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tí wọ́n sì ti jẹ ìyán tán, mo máa ń rí wọn tí wọ́n ń lu yanrìn pàá pàá, àgbọ̀n mọ́ àyà. Mo ti ní kí wọ́n jẹ́ kí oúnjẹ dà ná. Wọ́n ń kà á lọ, ichi, ni, san, wọ́n dé ẹẹ́rin, ìjà bẹ́ sílẹ̀, torí mo ti kọ́ ọ̀kan ní shi, mo sì kọ́ èkejì ní yon. Bíríkìlà tó ni yanrìn kò tíì bínú. Fóòmù ni mò ń wá báyìí, èyí tó le díẹ̀, bóyá Ìlọrin ni mo ti máa rí i rà. Ọ̀rẹ́ mi Anàgó sì ti ní òun ń bọ̀ wá kí mi nígbà iṣu tuntun. Mo ti sọ fún un pé kó mú aṣọ júdò méjì dání, torí tèmi, eku ti jẹ kọ́là rẹ̀ tán.